Bí ẹ ṣe lè kọ́ àwọn agbẹ̀bí nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹ̀kọ́ náà ò fi ní bá yín padà sílé

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ni wá. A ti yọ̀ǹda ara wa láti lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù kan ní orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó, láti kọ́ àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá ti kúrò, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín tọ́. Ní ọsibítù Haydom ní Tanzania, wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Helping Babies Breathe, ètò ìkọ́ni lórí bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn oṣù méje, ọwọ́ wọn ti já fáfá sí i lára ọmọláńgidi, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá ìgbẹ̀bí kò yí padà. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìdánrawò kéékèèké, tí wọ́n ń ṣe é lemọ́lemọ́ níbi iṣẹ́, ni iye ọmọ tó ń kú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ dín kù.

Nítorí náà, ẹ má kó ọgọ́ta èèyàn jọ sínú gbọ̀ngàn. Ẹ bi mátírọ́ọ̀nù wọn nípa agbẹ̀bí méjì tàbí mẹ́ta ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, tí wọn kò sì ní tètè gbé kúrò ní wọ́ọ̀dù. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, kí ẹni méjì máa lo ọmọláńgidi kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ni kó máa kọ́ àwọn yòókù, kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, torí ìwé àṣẹ ilé yín nìkan kì í sábà tó láti fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ bèèrè irú báàgì àti máàsìkì tí wọ́n ní, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tí kò mí, kí ẹ fi irú rẹ̀ gan-an kọ́ wọn. Ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ ìbí náà: ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ni kò mí, mélòó ni wọ́n kọ pé ó ti kú kí wọ́n tó bí i. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù àmọ́ tí kò mí wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì dùn mí pé irú wọn ni báàgì ì bá gbà là.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé, ọmọ gbọ́dọ̀ ti máa mí fúnra rẹ̀, tàbí kí a ti máa fi báàgì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ mú aṣọ tútù kúrò, ẹ fi èyí tó gbẹ bò ó, ẹ fọwọ́ ra á lẹ́yìn díẹ̀. Bí kò bá mí, báàgì ló kàn. Fífa ikun lẹ́nu ọmọ ló sábà máa ń jẹ ìṣẹ́jú yìí. Bí omi tó bá ọmọ jáde bá mọ́, tí nǹkan kan ò sì dí i lẹ́nu, ẹ má fa ohunkóhun. Bí rọ́bà tí ẹ fi ń fa ikun bá wọ ọ̀fun jù, ó lè dín bí ọkàn ṣe ń lù kù. Gbígbá ọmọ nídìí tàbí dídorí rẹ̀ kodò kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Máàsìkì gbọ́dọ̀ bo àgbọ̀n, ẹnu àti imú, kó má kan ẹyinjú. Nọ́ńbà 1 ni ti ọmọ tó pé oṣù, nọ́ńbà 0 ni ti ọmọ tí kò tó oṣù. Kí àgbọ̀n gbé sókè díẹ̀. Bí orí bá rọ̀ sẹ́yìn jù tàbí tó tẹ̀ síwájú, ọ̀nà atẹ́gùn á dí. Ìgbà 40 ni ní ìṣẹ́jú kan: ẹ tẹ báàgì bí ẹ bá ka "ọ̀kan", ẹ tú u sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ka "méjì, mẹ́ta". Àyà ọmọ ni kí wọ́n tẹjú mọ́. Bí kò bá gbé sókè, ẹ tún máàsìkì fi lé e, ẹ tún orí tò, ẹ nu ẹnu àti imú, ẹ la ẹnu díẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ tó tẹ báàgì le sí i. Ẹ mú wọn pẹ́ lórí àtúnṣe yìí ju ohun yòókù lọ, torí atẹ́gùn tó ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàsìkì ló sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Fún ọmọ tó pé oṣù, afẹ́fẹ́ inú yàrá tó láti fi bẹ̀rẹ̀; kí ẹnikẹ́ni má dúró de ọ́síjìn.

Ẹ wo ibi tí báàgì ń gbé pẹ̀lú. Bó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé, asán ni ẹ̀kọ́ yín. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìgbẹ̀bí ni kó wà. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, wọ́n lè to fáàfù rẹ̀ sódì, nítorí náà kí agbẹ̀bí máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù: kó fi àtẹ́lẹwọ́ dí máàsìkì, kó tẹ báàgì. Bí ọwọ́ kò bá rí ìtakò kankan, atẹ́gùn ń jò nìyẹn.

Ẹ fi ọmọláńgidi kan sílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ NeoNatalie, ọmọláńgidi tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀kọ́ yìí, omi ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ọmọ. Kí báàgì tirẹ̀ ní àmì, kó má bàa dé ojú ọmọ gidi. Ìdánrawò ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá nígbà tí ṣíìfù bá ń pààrọ̀ tó, kí wọ́n sì kọ orúkọ sínú ìwé. Nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè nípa ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn tí kò mí: ìgbà wo ni báàgì kan ojú rẹ̀, ṣé àyà gbé sókè, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí kò gbé.