Bílíìṣì nínú láàbù: ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tí a kì í pò mọ́ ọn

Ẹni tó béèrè láti Tanke ní Ìlọrin pé ṣé kí òun da Jik, ìyẹn bílíìṣì, tí wọ́n ti fi omi pò láti àná sínú fíláàsìkì tí òun fi gbin bakitéríà, kí òun tó dà á nù: ẹ̀gbọ́n o, àbúrò o, èyí yòówù kí ẹ jẹ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. "Ti àná" kò dáa, "tí wọ́n ti pò" náà kò dáa.

Bí ẹ bá da 100 ml bílíìṣì 0.5% sí 100 ml omi bakitéríà, 0.25% ló dà yẹn, kò sì tó 0.5% tí a ń wá. Oúnjẹ tí ẹ fi ń bọ́ bakitéríà náà á sì tún jẹ nínú agbára rẹ̀. Ògidì, èyí tí a kò tíì fi omi pò, ni kí ẹ dà sí i. Ẹ wo ara ike: tí wọ́n bá kọ 3.5%, ìdá kan bílíìṣì sí ìdá mẹ́fà omi inú fíláàsìkì ló ń di 0.5%. Fíláàsìkì tó ní 300 ml á gba 50 ml. Tó bá jẹ́ 5% ni wọ́n kọ, ìdá kan sí mẹ́sàn-án ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fi bílíìṣì dara yín láàmú. Autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbígbóná pa kòkòrò, ló tọ́ sí i, 121°C, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, láìsí ẹ̀kán bílíìṣì kan nínú rẹ̀.

Bílíìṣì tí a ti pò kì í ṣe àgbo tí à ń tọ́jú sí kọ̀rọ̀. Ti òní ni kí ẹ lò lónìí. Ògidì pàápàá, ooru àti oòrùn a máa sọ ọ́ di omi lásán, ẹ sì mọ bí ooru Ìlọrin ṣe rí lóṣù kẹta. Bí ẹ bá lọ rà á ní ọjà Ìpàta, ẹ má mú èyí tí wọ́n tò sójú oòrùn, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Bí omi bakitéríà bá dà sílẹ̀, ẹ má da bílíìṣì lé e láti òkè, á ta ká. Tísù pépà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bò ó, kí ẹ wá rọra da 0.5% sí i láti etí wá sí àárín, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ̀mú ni kí ẹ fi ṣa àfọ́kù ìgò, ìbọ̀wọ́ méjì kò ní kó má gún yín. Lára irin, ẹ fi omi nu bílíìṣì náà kúrò kí ẹ tó fi spírítì 70% nù ún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ irin á dípẹtà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni omi inú kíìtì tí wọ́n fi ń yọ DNA. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ guanidine wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí bílíìṣì bá sì kàn án, gáàsì olóró tó ní sáyánáìdì nínú lè jáde. Ásíìdì ń mú klórínì jáde lára bílíìṣì. Amóníà ń mú kloramínì, gáàsì olóró mìíràn, jáde. Ìtọ̀ náà ní amóníà nínú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi tísù fà á gbẹ. Fọ́málínì àti spírítì, ẹ má pò wọ́n mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ síńkì gidigidi: ẹnì kan á da ásíìdì tirẹ̀ sí i, á lọ, ẹlòmíì á wá da bílíìṣì lé e láìmọ̀.

Bí bílíìṣì bá ta sí yín lójú, omi ni, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ fi ìka la ìpéǹpéjú. Níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í dúró, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó ní ẹnu ẹ̀rọ sórí tábìlì. Bó bá ń ṣàn ní lítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, lítà 22.5 ló máa lọ, ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì 10 lítà kò fi tó. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bù ú ṣe àlùwàlá.