Ráútà onísíìmù ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ fóònù ilé tí a so mọ́ ọn ò pe èèyàn. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ráútà. Ihò fóònù, RJ11, kéré sí ihò wáyà kọ̀ǹpútà (LAN). “Tel” tàbí “Phone” ni wọ́n máa ń kọ sí i. Wáyà fóònù lè wọ ihò LAN, á kàn máa mì níbẹ̀ ni, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ tì í títí yóò fi dún “kẹ́”.

Bó bá wọlé dáadáa tí ìpè ò sì lọ, ẹ yẹ síìmù wò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà jù. Síìmù dátà nìkan kì í pe èèyàn. Ẹ yọ ọ́ sínú fóònù ọwọ́, kí ẹ fi pe ẹnì kan. Bí kò bá lọ, ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ló máa ṣí i. Ẹ mú NIN yín dání lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Bí ìpè bá lọ, ẹ ṣí ojú ewé ráútà (ẹ tẹ nọ́ńbà bíi 192.168.8.1 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sínú bíráúsà), kí ẹ tan VoLTE, ìyẹn ìpè lórí 4G. Ráútà tí kò ní VoLTE gbọ́dọ̀ lè bọ́ sí 3G tàbí 2G kó tó pè. Tẹ́ ẹ bá ti tì í mọ́ “4G only”, íntánẹ́ẹ̀tì á máa lọ, ìpè ò ní lọ. “Auto” ni kẹ́ ẹ fi sí.

Tí ohùn bá ń já, ẹ wo RSRP (bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe lágbára tó) lójú ewé náà: -90 dáa, -110 ò dáa rárá. Páànù òrùlé ń dí nẹ́tíwọ̀kì, torí náà ẹ gbé ráútà sí ojú fèrèsé.