Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kẹ̀kẹ́ ló ń wù mí í gùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún méje gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù kan níbí ní London. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n pe àwa mọ́kànlá wọlé, wọ́n ní ipò wa ò sí mọ́. Ẹni ọdún 43 ni mí. Owó díẹ̀ ń bọ̀ látọ̀dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: kí n gun kẹ̀kẹ́ láti Land's End, ìpẹ̀kun England ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, dé John o' Groats, lókè pátápátá ní Scotland. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé orí mi pé. Àwọn ará ilé ní Ṣakí ò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ṣé kí n lọ?
Ọlọ́kẹ̀kẹ́, Peckham

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú àfaradà. Èmi náà ti wà nínú bàtà kan náà lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni mo sì gbà, torí náà n ò ní bá ìyàwó ẹ bi ọ́ bóyá orí ẹ pé.

Ìwé wo lo fi ń gbé ìlú yìí? Tó bá jẹ́ fisà iṣẹ́ tí ọ̀gá ẹ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni, gbé kẹ̀kẹ́ tì ná. Tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, bá kọ̀wé pé àwọn ti gé fisà ẹ kúrú, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kéèyàn di ẹrù rẹ̀. Tí ìwé ẹ bá dúró dáadáa, máa kà lọ.

Ní ti owó, ẹni ọdún 43 tó ti lo ọdún méje, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òfin ní kí wọ́n san fún un, ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè kà sí owó ọ̀sẹ̀ kan. Owó-orí ò kan £30,000 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó kan owó ìsinmi tí o ò tíì lò. Yọ owó ilé oṣù mẹ́ta, kó o kà á sí ìyàwó ẹ lọ́wọ́ kó o tó sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ ọ títí dé Scotland.

Ọ̀nà náà tó máìlì 874, ó ju Èkó sí Kánò lọ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, bíi máìlì 62 lóòjọ́. Land's End ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí láti apá ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yìí ti sábà máa ń fẹ́, á máa tì ọ́ lẹ́yìn. Kọ́kọ́ gùn ún dé Brighton lọ́jọ́ Sátidé kan, kó o gba òkè Ditchling Beacon. Tó o bá sọ̀ kalẹ̀ tì í, má tijú. Èmi náà tì í.

Òkè Scotland ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n Cornwall àti Devon níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ló ń pa èèyàn. O ò ní tíì mí tán lórí ọ̀kan tí òmíràn á ti yọjú. Tó o bá ti gba afárá Severn àtijọ́ kọjá, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1966, tó ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o lè rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín jù, òkè Shap ní Cumbria ń bẹ níwájú, òkè Berriedale ní Scotland náà sì ń dúró dè ọ́ nígbà tó o bá rò pé o ti débẹ̀ tán.

Kò sí fọkanáísà lẹ́bàá ọ̀nà níbí. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ tíúbù nílé. Mo lo wákàtí kan àbọ̀ lórí ẹyọ kan nínú òjò ní Cumbria, àgùntàn ń wò mí. Ní ti ìdí tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ máa ń bó, àwọn òyìnbó ní ìpara olówó gọbọi, òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ni mo fi pa tèmi, n ò sì rí i kó bó. Oṣù Karùn-ún dára ju oṣù Keje lọ, nítorí kantíkantí Scotland.

Ọjọ́ kẹta, ní Devon, mo ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè nígbà tí ìyá mi pè láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní, ṣé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ wo ló ń dún yìí? Ṣé wọ́n ti ṣí òrùlé iṣẹ́ yín ni?" Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo jókòó sínú koríko, mo sọ gbogbo ẹ̀. Òkè tó kù lọ́jọ́ náà, n ò sọ̀ kalẹ̀ fún ìkankan.

Tètè gba ààyè fún kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Penzance, nítòsí Land's End, wọn kì í gba púpọ̀. Wick tàbí Thurso, nítòsí John o' Groats, lo máa ti wọ ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n pe Ṣakí lálẹ́ òní, kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.