Ọkọ mi fẹ́ fi owó àjọ wa ra amúlétutù tuntun

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan tó ní kí a máa pe òun ní Ìyá Ìbejì. Ó kọ ọ́ pé amúlétutù inú yàrá òun àti ọkọ òun ti lé ní ọdún 12, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rọ gáàsì sí i láàárín ọdún kan, àti pé iná tí wọ́n ń rà sórí mítà kì í pẹ́ tán mọ́. Ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé AC tuntun tí à ń pè ní inverter kì í jẹ iná, pé yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí NEPA bá tilẹ̀ mú iná lọ. 600,000 náírà ni wọ́n pè é, pẹ̀lú owó ẹni tí yóò gbé e kọ́ ògiri. Iye yìí gan-an ni àjọ tí yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé àjà yàrá méjì ni àwọn yóò fi kàn. Ìyá Ìbejì wá béèrè bóyá òun ni òun kò mọ ohun tó ń lọ láyé, tàbí ọkọ òun ló ń kánjú.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Bàbá Ìbejì kò ṣìnà pátápátá, ẹ̀yin náà kò sì ṣàṣejù, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ là yé wọn kí kọ́bọ̀ kankan tó jáde. Inverter ti ara AC kì í ṣe inverter oníbátìrì tí àwọn ará àdúgbò ń lò nígbà tí iná bá lọ. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra. Kò sí bátìrì kankan nínú AC náà. Bí NEPA bá mú iná lọ ní aago méjì òru, tuntun yóò kú gẹ́gẹ́ bí àtijọ́ ṣe ń kú, inú òógùn ni ẹ ó sì jí sí. Ẹ má fi èyí ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ o, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sanwó tán kí wọ́n tó mọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, èyí tó ń kùn nínú àpótí ẹ̀yìn ògiri. Ti AC yín àtijọ́ kò mọ̀ ju ohun méjì lọ: kí ó sáré pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, tàbí kí ó dákẹ́ pátápátá nígbà tí yàrá bá tutù, kí ó tún fò dìde nígbà tí ooru bá padà. Bí ẹ bá ti rí i rí tí gílóòbù ṣẹ́jú fìrí nígbà tí AC fẹ́ gbéra, ohun tó fà á nìyẹn. Ti inverter a máa sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí yàrá bá ti tutù, a dẹ ìrìn, a sì máa rọra lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìrọra-lọ yìí ni èrè rẹ̀. Ẹni tó ń tan AC fún wákàtí kan péré kí ó tó sùn kò lè jẹ èrè púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń tàn án láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀, bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe, lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé àdúgbò yín wà ní Band A, níbi tó yẹ kí iná wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, àti pé 209.50 náírà ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì yín fún yúnìtì kan, láìka VAT. Ká ní AC àtijọ́ ń jẹ yúnìtì 8 lóru, tí tuntun yóò sì máa jẹ 5. Yúnìtì 3 tó kù sílẹ̀ jẹ́ 628.50 náírà lóru kan, tàbí 18,855 náírà ní ọgbọ̀n òru. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó ni ẹ ń tan AC lọ́dún? Nígbà ọyẹ́, aṣọ ìbora ni gbogbo wa ń wá. Bí òjò bá dúró dáadáa, fèrèsé ṣíṣí ti tó. Bí a bá fún un ní oṣù mẹ́fà, 113,130 náírà ni gbogbo rẹ̀. Oníṣẹ́ AC yín ní òun yóò gba 85,000 náírà láti tún àtijọ́ ṣe. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 600,000, ó ku 515,000, yóò sì tó ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kí tuntun tó dá iye yẹn padà. Ẹni tí kò sí ní Band A, tí yúnìtì tirẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí iná rẹ̀ kò sì dúró, yóò dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Àbá ni yúnìtì 8 àti 5 tí mo lò; mítà yín ni kó sọ òótọ́. Ní ilé tèmi, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí mítà ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo kọ yúnìtì tó kù sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo sì tún kọ ọ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo ṣe bákan náà láìtan AC rárá, nítorí ìyàtọ̀ òru méjèèjì ni ohun tí AC jẹ. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan! Fírísà mi tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya ló ń jẹ owó mi, AC ni mo sì ń bú láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rọ̀ àjà gan-an ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀ láìsí àjà, tí ẹ sì fi páálí dí ojú fèrèsé lúfà tó ti já, kò yàtọ̀ sí ajere: bí ẹ ti ń da òtútù sí i ni ó ń jò. Oòrùn tó ti yan páànù láti àárọ̀ kò ní í kúrò lórí yín títí òru yóò fi jìn. Bí ẹ bá gbé inverter sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kò ní í rí ìgbà tí yàrá tutù débi tí yóò fi dẹ ìrìn. Eré àsápajúdé ni yóò máa sá, ẹ ó sì ti sanwó fún ìrọra-lọ tí kò ní í ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àdéhùn yín àkọ́kọ́ ló tọ̀nà.

Ní ti gáàsì, kì í ṣe epo tí ń jó tán. Inú páìpù ni ó ń yí po. Bí ó bá dínkù, ó ń jò ni, ẹni tó bá sì rọ òmíràn sí i láìwá ojú ibi tó ń jò yóò padà wá gbowó lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí ìta. Bí ẹ bá rí R22 níbẹ̀, gáàsì yìí wà lára àwọn tí àdéhùn Montreal ọdún 1987, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe nítorí àwọn gáàsì tó ń ba òfuurufú jẹ́, àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ ń mú kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ayé, nítorí náà kò ní í rọrùn sí i láti rí. Bí oníṣẹ́ bá sì sọ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló kú, ẹ má ra òmíràn fún AC ọdún 12. Níbẹ̀ ni mo ti gbè sẹ́yìn Bàbá Ìbejì.

Nígbà tí ẹ bá sì máa ra tuntun náà, ẹ má gba tòkunbọ̀, ẹ má sì gba hóòsì kan àti ààbọ̀. Bí àjà bá ti wà lórí yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 yín, hóòsì kan ti tó o, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ fi sitẹbiláísà tó dára sí i, nítorí bọ́ọ̀dù inú inverter kò fẹ́ràn iná tó ń lọ sókè sódò, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Ìyá Ìbejì. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ohun tó dùn yín kì í ṣe AC bí kò ṣe pé owó tí ẹ jọ dá ni wọ́n dá nìkan ná lọ́kàn wọn. Ẹ sọ èyí fún wọn lọ́tọ̀, ní ọjọ́ tí ara tutù, kí ẹ má lọ́ ọ mọ́ ọ̀rọ̀ gáàsì àti mítà.

Káfíńtà yín ní 280,000 náírà ni àjà yàrá méjèèjì. Bí ẹ bá fi 85,000 ti àtúnṣe kún un, 365,000 ni, yóò sì ku 235,000 tí ẹ lè tọ́jú de AC tuntun. Inú ọyẹ́ ni àjọ yóò bọ́. Káfíńtà lè ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán kí ooru oṣù Kejì tó wọlé. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí ooru bá mú gan-an, ẹ tún lọ ka mítà náà fún òru méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí Bàbá Ìbejì fúnra wọn di tọ́ọ̀ṣì mú.