Ẹ Bi Màmá Léèrè: Wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀sì méjì wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Leeds ni mo ti gboyè kejì nípa ètò ìlera ìlú, mo sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo parí. Físà mi ò ní pẹ́ tán, n kò sì fẹ́ wá òmíràn. Ilé ni mò ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí ní orí mi ti dàrú. Tiwọn ò kàn mí, ti ilé ló ń dà mí láàmú. Bàbá mi ti san àsansílẹ̀ bọ́ọ̀sì méjì tí yóò kó ẹbí wá pàdé mi ní pápákọ̀ Èkó. Wọ́n ti yan ankárá, Sátidé tí mo bá dé gan-an ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe àríyá. N kò tíì ríṣẹ́ nílé, owó tí mo kó jọ kò tó nǹkan, n kò sì mọ ohun tí mo lè kó sínú àpótí tí yóò kárí gbogbo wọn. Báwo ni mo ṣe lè ní kí wọ́n rọra, tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo tàbùkù bàbá mi?
T., Leeds

T. ọmọ mi, o kú ìnáwó tí ń bọ̀. Ti bọ́ọ̀sì méjì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí lọ́ọ̀rì ni wọ́n fi wá pàdé èmi ní Àpápá lọ́dún 1964, láti Iléṣà, tonílù tonílù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo lọ kọ́, ọkọ̀ Aureol ni mo sì bá wálé. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí á rántí rẹ̀, ọkọ̀ funfun ti Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní 1951. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì. A ó kọ́kọ́ la omi Biscay kọjá, níbi tí òkun ti máa ń fi ọkọ̀ ṣeré tí oúnjẹ àárọ̀ á fi padà jáde. Lẹ́yìn náà, Las Palmas, Freetown, Gánà, kó tó kan Èkó.

Àwọn ọjọ́ orí omi wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ lára wa. Ní Las Palmas, a ti bọ́ kóòtù. Ní Freetown, obìnrin kan ta àkàrà fún wa, a sì fọwọ́ jẹ ẹ́, àwa tí à ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹyin ní Liverpool. Lọ́yà kan wà láàárín wa tó ń fimú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó lọ́jọ́ tí a gbéra. Kí a tó dé Gánà, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ. Ẹni tó jẹ gbèsè ti ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò yege ìdánwò, irú wọn sì wà níbẹ̀, ti mọ ọ̀rọ̀ tó máa bá bàbá rẹ̀ sọ. Nígbà tí ìlù fi máa dún sí mi létí ní Àpápá, mo ti sinmi, mo sì ti múra tán láti jó.

Ìwọ ńkọ́? Láti London dé Èkó, wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni. O ó jẹun, o ó tòògbé, wọ́n á sì já ọ lé onílù lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ fún èmi, ìwọ ni kí o fún ara rẹ. Má ṣe dé lọ́jọ́ Sátidé. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Túsìdeé, kí o sì wá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí o lè wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Sùn dáadáa. Lọ ṣètò NIN rẹ bí o kò bá ní, torí láìsí i wọn ò ní forúkọ síìmù fún ọ. Jí àkáǹtì rẹ ní báǹkì. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, kí o lè ní nǹkan kan láti dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ ní Ìkìrun pé, "Níbo lò ń ṣiṣẹ́ báyìí?" Wọ́n máa bi ọ́.

Ní ti bàbá rẹ, má pè é fúnra rẹ. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí ó bá wà, tàbí ẹnikẹ́ni tó ju bàbá lọ nínú ẹbí tó sì fẹ́ràn rẹ. Má ṣe sọ pé o ò fẹ́ àríyá, ìyẹn ni yóò dun bàbá. Sọ pé o fẹ́ kí ara rẹ balẹ̀ kí o lè jó o dáadáa. Kí ẹni mẹ́ta péré wá sí pápákọ̀, kí bàbá rẹ sì wà nínú wọn dandan. Bọ́ọ̀sì méjèèjì kò ní ṣòfò: lọ́jọ́ tí o bá ń wọ ìlú, kí wọ́n wá pàdé rẹ ní Òṣogbo, kí wọ́n fi ìlù sìn ọ́ dé Ìkìrun. Kò jìnnà, owó epo á sì dín kù.

Àpótí wá kù. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà nínú àpótí kan, nítorí náà má fi ṣokoléètì kún un. Yóò yọ́ kó tó dé Ìbàdàn. Ra ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ìfúnpá wò fún bàbá àti ìyá rẹ, nọ́ọ̀sì ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ gbogbo, báàgì ọwọ́ ni kó wà. Bí o bá délé, wọ́n á ní kí o ṣí àpótí ní pálọ̀. Má ṣí i o! Kọ orúkọ sára ẹrù kọ̀ọ̀kan láti Leeds, kí o máa pè wọ́n wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí ti ẹlòmíràn ló ń mọ̀ pé tòun kéré. Ọmọláńgidi tí mo rà ní Las Palmas dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìyàwó ilé wa. Níkẹyìn, orí rédíógírámù bàbá mi ló jókòó sí, ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ní orí rẹ dàrú, jẹ́ kí wọ́n máa wí. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa bi ọ́ ní iye tí ilẹ̀ jẹ́ ní Òṣogbo.

Màmá, mo gboyè àkọ́kọ́ ní Sípírọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ẹni tó ti òkè òkun dé kò ní láti ṣe agùnbánirọ̀. Ṣé òótọ́ ni?
K., Abẹ́òkúta

Irọ́ ni. Ètò náà ti wà láti 1973, òfin rẹ̀ sì mú ẹni tó gboyè lókè òkun bó ṣe mú ẹni tó gboyè nílé. Bí o bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tí o gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún ọ. Bí o kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, lọ sìnlú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa forúkọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí o wá fi ojúlówó ìwé hàn, kì í ṣe ẹ̀dà. Wọ́n máa wo ìwé ìrìnnà rẹ náà, fún òǹtẹ̀ ọjọ́ tí o jáde àti ọjọ́ tí o wọlé. Nítorí náà, bí o bá ti gba tuntun, wá èyí àtijọ́ jáde níbi tí o jù ú sí.