Má ra rune: level kọ́ ni agbára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí-Àràbà ni mò ń gbé, ilé géèmù kan ní Ojúẹ̀lẹ́gbà ni mo ti ń gbá Elden Ring lópin ọ̀sẹ̀, wákàtí-wákàtí sì ni wọ́n ń gbowó. Orí PS4 wọn ni account mi wà. Vagabond, irú ajagun kan, ni mo mú. Mo ti dé level 41, síbẹ̀ Margit, boss (ọ̀gá ọ̀tá) tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé olódi Stormveil, ń pa mí bí ẹni pa eṣinṣin. Mo pín pọ́íǹtì mi dọ́gba, mẹ́rin-mẹ́rin, kí n lè lo idà, kí n sì lè lo idán. Idà mẹ́ta ni mo ti gbé dé +3. Ẹnì kan ní òun máa fún mi ní rune, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra level, mílíọ̀nù kan ní ₦5,000, kí n sáà fún òun ní email àti password mi. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, rárá sí méjèèjì. Má rà á, má sì pa character rẹ rẹ́. Tó o bá ti fún ẹni yẹn ní password, lọ yí i padà ná kó o tó wá ka ìyókù.

Ìbéèrè tó jọ tìrẹ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú àṣìṣe kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti ń wá: ẹ gbà pé level ni agbára. Wọ́n ń pa yín ní 41, ẹ sì rò pé tẹ́ ẹ bá ti di 80, ó parí. Àwọn tó ń ta rune mọ̀ pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Level 41 ti ju ohun tí Margit ń béèrè lọ. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí pọ́íǹtì lọ máa ń pa á ní level 25, kì í sì í ṣe iwin.

Kí tilẹ̀ ni level? Àròpọ̀ lásán ni. Ohun mẹ́jọ ló wà lára character: Vigor, Mind, Endurance, Strength, Dexterity, Intelligence, Faith àti Arcane. Ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, yọ 79 kúrò níbẹ̀, level rẹ ló kù yẹn. Vagabond bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15, 10, 11, 14, 13, 9, 9 àti 7. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 88, ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ ní level 9. Láti 9 dé 41, pọ́íǹtì 32 péré lo rí gbà, pẹ̀lú ààbò ara kékeré tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Kò sí nǹkan míì tí level fún ọ. Bó o ṣe ná 32 yẹn ló ń pa ọ́.

Wo bó o ṣe ná an: Vigor 19, Mind 14, Endurance 15, Strength 18, Dexterity 17, Intelligence 13, Faith 13, Arcane 11. Pọ́íǹtì 12 ló wọ inú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ṣé o ní ọ̀pá idán lọ́wọ́? Ṣé o ní èdìdì tí wọ́n fi ń ṣe àdúrà ogun? O ò dárúkọ ìkankan. Láìsí ọ̀pá, Intelligence 13 ò lè jù òkò idán kan ṣoṣo. O ń ra epo fún ọkọ̀ tí o ò ní.

Ní báyìí, wo Vigor, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Vigor ni ẹ̀mí rẹ, ilà pupa tó wà lókè. Vigor 10 ń fúnni ní ẹ̀mí 414. Vigor 15 ń fúnni ní 522, 20 ní 652, 30 ní 994, 40 ní 1,450, 60 ní 1,900, 99 ní 2,100. Ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, má kàn fojú fò ó. Láti 20 dé 30, pọ́íǹtì mẹ́wàá fún ọ ní ẹ̀mí 342. Láti 30 dé 40, mẹ́wàá míì fún ọ ní 456. Ṣùgbọ́n láti 60 dé 99, pọ́íǹtì 39 kò fún ọ ju 200 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé àárín 20 sí 40 ni owó Vigor ti ń so èso jù, ìwọ sì dúró sí 19, lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Àwọn ọmọ ilé géèmù á máa sọ fún ọ pé ojo ló ń fi pọ́íǹtì sí Vigor, pé kó o kó gbogbo ẹ̀ sí Strength kó o tètè pa boss kó tó pa ọ́. Wọn ò sọ pé ẹni tó ń fọnnu bẹ́ẹ̀ ti kú níbẹ̀ títí tó fi há gbogbo ìṣesí Margit sórí. Ẹ̀mí tó pọ̀ ni yóò jẹ́ kó o fara gba ẹṣẹ́ kan kó o sì ṣì ráyè mu flask, ìgò oògùn tó ń dá ẹ̀mí padà. Ìyàtọ̀ gbogbo kò ju ìyẹn lọ: ẹṣẹ́ kan sí i.

Ká ní o fi 32 yẹn sí Vigor 15, Strength 8 àti Endurance 9, tó o sì fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, Vigor rẹ á jẹ́ 30, Strength 22, Endurance 20. Level 41 kan náà ni, ẹ̀mí 994. Mind 10 tí Vagabond bá wáyé tó ọ fún báyìí: ó ń fúnni ní FP (agbára tí idán àti ìpè ń jẹ) 78, Lone Wolf Ashes tó ń pe àwọn ìkookò jáde ń jẹ 55. Wàá pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan fún ìjà kan, ó tó.

Ó ti bàjẹ́ ná, àmọ́ kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Pọ́íǹtì 11 tó ń bọ̀, Vigor ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, títí ó fi di 30. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, Strength, kó di 22. O wà ní level 56 nìyẹn, gbogbo nǹkan ti tò. Kí ló dé tí mo fi ní 22? Tó o bá fi ọwọ́ méjèèjì di ohun ìjà mú, géèmù máa ń ka Strength rẹ ní ìlọ́po kan àbọ̀. 22 á di 33, Greatsword ńlá tó ń béèrè Strength 31 àti Dexterity 12 á gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Claymore, tó wà nínú Castle Morne, ń béèrè 16 àti 13 péré, o ti ní i tán. Dexterity rẹ tó, má fọwọ́ kàn án mọ́.

Endurance ńkọ́? Wo ojú ewé Equipment, wàá rí ìwúwo ẹrù rẹ. Tí ẹrù bá wà lábẹ́ ìdá 30 nínú 100, o ń yí lọ fẹ́ẹ́rẹ́. Lábẹ́ 70, o ń yí lọ dáadáa. Láti 70 lọ sókè, o ń ṣubú bí àpò sìmẹ́ńtì. Bọ́ ìhámọ́ra ìgbáyà tó bá gbé ọ kọjá 70, kódà bó bá rẹwà.

Ó kù sí idà mẹ́ta tó o gbé dé +3. Èyí tilẹ̀ bí mi nínú ju ti pọ́íǹtì lọ, torí mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tábìlì alágbẹ̀dẹ tó wà ní Church of Elleh kì í kọjá +3. Ó dúró níbẹ̀, o rò pé idà ti dé òpin, o mú òmíràn. Kò tíì dé òpin o. Hewg, alágbẹ̀dẹ inú Roundtable Hold, ló ń gbé e kọjá ibẹ̀. Ṣí map, wo igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, wàá rí Roundtable Hold tí Melina, ọmọbìnrin tó ń tọ́ ọ sọ́nà, bá ti pè ọ́ lọ. Ohun ìjà lásán máa ń lọ dé +25. Àwọn tó ní iṣẹ́ àrà tiwọn, tó ń jẹ Somber Smithing Stone, +10 ni tiwọn, òkúta kan fún ìgbésẹ̀ kan.

Òkúta ti ohun ìjà lásán lọ báyìí: 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 6, àpapọ̀ 12 fún ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ká tó bọ́ sí òkúta tó ní nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. +1 dé +3 jẹ 12 Smithing Stone [1]. +4 dé +6 jẹ 12 Smithing Stone [2]. Idà mẹ́ta ní +3 ti jẹ 36 lọ́wọ́ rẹ, pẹ̀lú owó rune tí alágbẹ̀dẹ ń gbà. Ọdẹ tó lé eku méjì ló pòfo, ìwọ lé mẹ́ta. Longsword tí Vagabond bá wáyé ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára 110. Ní +3, ó sún mọ́ 129. Ní +25, 269 ni, kí wọ́n tó fi èyí tí Strength ń bù sí i kún un. Pọ́íǹtì Strength kan ní ìpele tó o wà yìí kì í fi ju ẹyọ kan tàbí méjì kún un. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀: ìgbésẹ̀ kan lọ́dọ̀ Hewg ju level mẹ́ta lọ.

Mú idà kan, fi méjì yòókù sílẹ̀. Kó òkúta [1] ní Limgrave Tunnels, ihò ìwakùsà ní ilẹ̀ Limgrave tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, gbé iná dání torí inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Fún [2], wá a ní Liurnia, ilẹ̀ tó tẹ̀ lé Limgrave; ti inú Stormveil fúnra rẹ̀ di ìgbà tó o bá pa Margit. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òkè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stormveil tó gbé èèyàn lọ sí Liurnia láì bá Margit jà rárá. Tó o bá pa Crystalian, boss inú Raya Lucaria Crystal Tunnel ní Liurnia, wàá rí agogo Smithing-Stone Miner's Bell Bearing [1]. Gbé e fún Twin Maiden Husks, àwọn oníṣòwò inú Roundtable Hold, wọ́n á máa ta [1] àti [2] fún ọ láì tán. Láti ìgbà yẹn lọ, rune ni ìṣòro, òkúta kọ́.

Flask: Golden Seed kan ni flask karùn-ún ń jẹ, ọ̀kan ni ẹ̀kẹfà, méjì ni èkeje, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ́n sí i títí dé 14. Sacred Tear ló ń mú kí ìmu kọ̀ọ̀kan túbọ̀ ṣe é. Mẹ́rin lo lè kó kí o tó fojú kan Margit: Third Church of Marika ní Limgrave, àti mẹ́ta ní Weeping Peninsula, ìyẹn Callu Baptismal Church, Fourth Church of Marika àti Church of Pilgrimage. Kò gba ju ẹṣin lọ. Ẹni tó ń sanwó wákàtí ní ilé géèmù kò gbọ́dọ̀ fi wákàtí yẹn pa ọmọ ogun kéékèèké láti kó rune nígbà tí ohun ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀.

Rune tó wà lọ́wọ́, tó o bá kú, á bọ́ sílẹ̀; tó o bá tún kú kó o tó gbé e, ó lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Golden Rune, ohun tí wọ́n ń fọ́ kó di rune, tó wà nínú àpò kò bá ikú lọ. Má fọ́ ọ sílẹ̀ lásán. Jókòó sídìí grace, ibi ìsinmi tí wọ́n ti ń ra level, wo iye tó kù kí level pé, kó o fọ́ iye yẹn gẹ́lẹ́.

Ó ku oníṣòwò rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní rune nínú géèmù kò nílò password. Á wọ inú ayé rẹ, á ju Lord's Rune sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ rune 50,000. Ogún rẹ̀ pé mílíọ̀nù kan. Ẹni tó ní kó o mú password wá, account lo fẹ́ gbé fún un, ó lè yí email rẹ̀ kó sì máa lọ. Kódà ti ìsọsílẹ̀ yẹn, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ: ilé iṣẹ́ tó ni géèmù ní agbára láti ti account tó bá fura sí, kò sì sí ẹni tí wàá bá rojọ́. Tó o bá sì rí mílíọ̀nù náà gbà, level á lọ sókè, idà rẹ á ṣì wà ní +3. Àfikún Shadow of the Erdtree tó jáde ní June 2024 tiẹ̀ tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí pátá: Scadutree Fragment tó ń jẹ́ kí ẹṣẹ́ rẹ wọlé kí tàwọn ọ̀tá sì dínkù wà níbẹ̀, ẹni tó bá fi level 200 wọlé láì kó Fragment wọ̀nyẹn jọ ń sunkún.

Nípa account tó wà lórí ẹ̀rọ onílé géèmù: fi passcode sí i, má jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn fi character rẹ ṣeré. Tí NEPA bá mú iná lọ, géèmù ti máa ń save fúnra rẹ̀, ohun tó o pàdánù kò ní pọ̀, àmọ́ iná tó ń já lójijì lè ba hard drive jẹ́. Kó save rẹ sórí flash nínú Settings lẹ́yìn ìgbà tó o bá gbá a tán. PS4 gbà bẹ́ẹ̀. PS5 kì í jẹ́ kéèyàn kó save géèmù PS5 sórí flash, cloud ti PS Plus nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ yìí, wo ojú ewé Status rẹ fi yẹ̀ wọ́n wò, torí update lè yí nǹkan padà.

Tí ọkàn rẹ bá sì ń fà sí idán lóòótọ́, má ṣe é báyìí. Ṣẹ́gun Rennala, boss tó wà ní Raya Lucaria, mú Larval Tear kan lọ fún un, á jẹ́ kó o tún gbogbo pọ́íǹtì rẹ pín. Kò ní jẹ́ kó o sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí Vagabond ti bẹ̀rẹ̀, Larval Tear sì níye, nítorí náà kọ bó o ṣe fẹ́ pín in sórí bébà kó o tó tẹ bọ́tìnì. Títí di ìgbà yẹn, Intelligence dúró sí 13.