Ìkòkò Kan Náà, Àwo Tó Yàtọ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Oúnjẹ àti Ìsanra

Láti ìgbà tí iṣu tuntun ti dé ọjà ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Kàbà, Mọpà, Ìsánlú àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè: báwo ni ara ṣe máa fúyẹ́ nínú ilé tí odó kì í sinmi, tí ọmọ ń ké, tí iṣẹ́ sì ń dúró deni? A mú mẹ́fà nínú lẹ́tà náà.

Olùkọ́ ni mí ní Kàbà, mo bí ọmọ mẹ́ta. Kìlógíráàmù 94 ni mo wọ̀n, gíga mi jẹ́ mítà 1.62. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá ìkòkò tèmi sè lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ tí kò lépo, tí kò níyọ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti sú mi. Ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi kì í fi iyán alẹ́ ṣeré. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má se ìkòkò kejì mọ́. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀, tó tún délé tó wẹ ọmọ tirẹ̀, tó wo iṣẹ́ àmúrelé, kò lè máa se ìkòkò méjì lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe pé ẹ kò ní ìfaradà. Ètò yẹn ni kò bá ilé yín mu. Ìkòkò ilé ni kí ẹ tún sè, kí ẹ sì bu tiyín bó ṣe yẹ.

Orí epo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120 (kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara), òróró náà kò sì yàtọ̀. Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fi ṣíbí wọn iye epo tí ẹ máa ń dà sí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, nítorí ẹni tó ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kì í mọ iye tó dà. Tó bá jẹ́ ṣíbí 12 fún èèyàn 6, kálórì 1,440 ti wọ ìkòkò láti inú epo nìkan, 240 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò sì tíì ka ẹ̀gúsí, ẹran tàbí iyán. Ṣíbí 4 tó o. Ó máa dín kálórì 160 kù lórí àwo kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ nínú ilé, bí ẹ bá sè é dáadáa.

Bí a ṣe ń sè é nìyí. Ẹ gbé ṣíbí 4 epo kaná, ẹ má jẹ́ kó bó. Ẹ gé àlùbọ́sà kan sí i pẹ̀lú irú, kó dín fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ da ata lílọ̀ sí i, kó hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ dáadáa, ó lè tó ìṣẹ́jú 15. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ata tí omi rẹ̀ kò gbẹ máa ń kan lẹ́nu, alásè á bá tún da epo sí i kí kíkan náà lè lọ. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí lílọ̀ gíráàmù 150 kó ki, ẹ máa fi ṣíbí bù ú lé ata náà díẹ̀díẹ̀, ẹ dé e, ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú 10 kó lè dì. Bí ẹ bá tètè rò ó, á fọ́, ọbẹ̀ á ṣàn, ẹ óò sì fẹ́ fi ẹ̀gúsí kún un. Ẹja gbígbẹ tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn ló kàn. Ṣọkọ ló ń kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 3 péré, kó sì pọ̀ débi pé ewé ni ojú máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹ̀gúsí.

Ó ku iyán. Iṣu sísè gíráàmù 100 kò ju kálórì 116 tàbí 118 lọ, nítorí náà iṣu kọ́ ni ọ̀tá yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a kì í jẹ iyán lẹ́nu, ńṣe là ń gbé e mì. Gíráàmù 600, nǹkan bíi kálórì 700, ti lè tán kí ikùn tó mọ̀ pé òun ti yó. Ẹ gé tiyín sí gíráàmù 250, tó máa tó ìwọ̀n ìkúùkù yín. Ẹ gé e kí ẹ tó gbé ti àwọn yòókù síwájú wọn, ẹ sì kó èyí tó kù sínú kúlà kó má wà lójú. Ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ni kó gba ìdajì àwo yín, ẹja, ẹran tàbí ẹyin kó gba ìdá mẹ́rin kan, iyán kó gba ìdá mẹ́rin tó kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè.

Àwọn kan máa sọ pé kí ẹ fi wíìtì tàbí àmàlà rọ́pò iyán. Ìyẹ̀fun wíìtì gbígbẹ gíráàmù 100 jẹ́ nǹkan bíi kálórì 340, èlùbọ́ náà kò jìnnà sí i; bí a bá fi omi rò ó tán, òkèlè rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí iyán. Wíìtì máa ń ní fáíbà, ìyẹn ohun inú oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn, ju iyán lọ bí kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, àǹfààní nìyẹn, ṣùgbọ́n òkèlè ńlá ni òkèlè ńlá ń jẹ́.

Ẹ má bá ìyá jiyàn lórí iyán rárá. Ẹ gún un fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ kàn rí i pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń bu oúnjẹ tiyín, nítorí ìyá tó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í bu díẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ń jẹ ọbẹ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ iyán yó. Ọmọdé tó ń dàgbà kò gbọ́dọ̀ wà lórí ètò ìdín-ìsanra-kù àfi tí dókítà bá ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Kìlógíráàmù 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ fojú sùn. Ìdajì kìlógíráàmù lọ́sẹ̀ ti dára, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yín nìyẹn jẹ́, ó sì tó láti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní Ọ̀bàjánà. Mo máa ń bá àwọn ọmọ jẹun ní aago méje. Tí bàbá wọn bá dé ní aago mọ́kànlá, mo tún máa ń bá a jẹun, torí kò dáa kó dá jẹ. Ikùn àwa méjèèjì ti ń yọ.

Inú wa dùn pé ẹ kò fẹ́ kó dá jẹ. Oúnjẹ alẹ́ yín ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ pín sí méjì: ẹ bu iye tó yẹ yín sí àwo ní aago méje, ẹ jẹ ìdajì pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ dé ìdajì sínú kúlà de bàbá wọn. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ dáwọ́ dúró láàárín oúnjẹ nígbà tí ebi ṣì ń pa yín, kò ní ṣeé ṣe, nítorí náà àtìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti pín in.

Ní ti bàbá, oúnjẹ tó wúwo ni kó jẹ kó tó lọ síṣẹ́. Èyí tó máa gbé lọ lè jẹ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì, ẹyin sísè kan àti ọsàn. Ọ̀kan lára ohun tó ń mú ikùn òṣìṣẹ́ òru yọ ni mínírà tí wọ́n fi ń lé oorun. Kí ó ka ara ìgò: bí ṣúgà rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100, ìgò 50cl ti gbé gíráàmù 50, ìyẹn ju kóró ṣúgà 12 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó sàn kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́.

Ìsánlú ni mo ti ń tajà. Iná kò dúró, fíríìjì mi ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ sọ fún wa pé ká máa se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan pa mọ́, mélòó ló lè pa mọ́? Indomie ni àwọn ọmọ ń jẹ ní gbogbo àárọ̀.

Bí kò bá sí iná, ẹ má se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Oúnjẹ sísè kò yẹ kó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò ni kí ẹ ṣe sílẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ kò lọ sọ́jà, ẹ ṣa ẹ̀wà múdù 2, ẹ pín in sínú ọ̀rá bí ẹ ṣe máa sè é. Ẹ lọ ẹ̀gúsí ní gbígbẹ, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ yọ egungun ẹja gbígbẹ, ẹ tún un sá. Ẹ ra òrúnlá, torí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilá tútù kò bá sí. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà kò nílò fíríìjì. Ẹ̀fọ́ nìkan ni ẹ máa rà lójoojúmọ́, ẹ sì wà nínú ọjà náà, nítorí náà kó jẹ́ ohun tó kẹ́yìn tí ẹ máa gbé lọ ilé.

Bí ẹ bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, á tètè jinná, kò sì ní fẹ inú púpọ̀. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 200 jẹ́ nǹkan bíi kálórì 230, ó sì ní púrótéènì tó ju ti ẹyin 2 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ kì í wá páfú-páfú ní aago mẹ́wàá. Ewu rẹ̀ ni epo: ẹ̀wà tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ ti kọjá ètò yìí.

Fún ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ lọ ẹ̀wà láàárọ̀ tí ẹ máa sè é. Ẹ̀wà lílọ̀ tó bá sùn nínú ooru máa kan. Ṣíbí 3 òróró tó fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ 12. Bí ó bá ń fọ́ nínú ewé, omi ló pọ̀. Bí ó bá le bí òkúta, ẹ kò lù ú tó kó gba atẹ́gùn kí ẹ tó dà á. Èyí tó bá kù, kí wákàtí 2 tó pé, ẹ gbé e padà sórí ooru kó gbóná dé inú.

Indomie àárọ̀ kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ lo ìdajì èròjà inú ọ̀rá kékeré nítorí iyọ̀, ẹ fọ́ ẹyin sí i, ẹ ré ẹ̀fọ́ sí i. Tí àkókò kajú bá dé, láti nǹkan bí oṣù Kejì, ẹ fún wọn ní èso rẹ̀ tútù jẹ, ó ní fítámì C gan-an. Kóró rẹ̀ tí a yan ni kí ẹ fi ọwọ́ wọ̀n: ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, gíráàmù 30, ti súnmọ́ kálórì 170.

Mo ní àtọ̀gbẹ, glibenclamide ni mò ń lò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa fo oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán kí n lè jò.

Ẹ má ṣe é. Oògùn yín ń mú kí ara tú ínsúlínì, èròjà tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde, ìbáà jẹ́ pé ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹun, ṣúgà lè wálẹ̀ lójijì. Bí òógùn bá ń bo yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí àyà ń já, ẹ po kóró ṣúgà 4 mọ́ omi mu kíákíá, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, bí kò bá lọ ẹ tún un mu, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹun. Ẹ lè dín ìwọ̀n òkèlè kù bíi ti olùkọ́ òkè yìí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ ni oògùn náà lè di èyí tó pọ̀ jù.

Ọmọ mi di oṣù mẹ́rin, ọmú nìkan ló ń mu. Ìyá mi ń fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n ní òun ló ń pe omi ọmú. Ṣé mo lè fi ebi pa ara mi díẹ̀?

Rárá o, ìyá ọmọ. Ẹni tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan nílò nǹkan bíi kálórì 500 lé sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọmọ ló ń pe omi ọmú: bó bá ṣe ń mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ara ń ṣe òmíràn. Ẹ gba ẹ̀kọ ìyá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ láìsí ṣúgà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ìgbà méjì yòókù jẹ́ ọbẹ̀ ẹja tàbí ẹ̀wà, kí ẹ sì máa mu omi bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Ṣúgà yẹn nìkan tí ẹ dá dúró, ó ti tó iṣẹ́ fún oṣù méjì.

Mo ti dín kìlógíráàmù 5 kù ní Mọpà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí òṣùwọ̀n kò mì. Wọ́n ní kí n ra tíì tó ń fọ ikùn.

Ọ̀pọ̀ tíì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ewé tó ń mú ni yàgbẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n á sì padà ní ọjọ́ kejì. Bí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, ó lè kó pòtásíọ̀mù, èròjà tí ọkàn nílò láti lù déédéé, jáde lára débi tí ọkàn fi máa lù ségesège.

Ẹ kọ́kọ́ wo òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá dín kálórì 500 kù lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, 2,500 nìyẹn. Ìrẹsì òde àríyá ọjọ́ Sátidé, ẹran díndín, mọ́ọ̀tì méjì àti èyí tí wọ́n dì fún yín bọ̀ nílé lè gbé 2,000 rẹ̀ padà. Ẹ jẹun díẹ̀ nílé kí ẹ tó lọ, omi ni kí ẹ fi lé oúnjẹ, èyí tí wọ́n bá dì kí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ.

Ẹ tún fi ṣíbí wọn epo fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ọwọ́ máa ń pọ̀ sí i láìfura. Ẹ wọn ara lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tó jẹ ohunkóhun. Omi máa ń wà lára sí i nígbà tí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó lè ti dín nígbà tí òṣùwọ̀n dúró. Rírìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, kí mímí yín yára ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún oṣù kan tí kò yí padà, ẹ wo irú ìfètòsọ́mọbíbí tí ẹ ń lò. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta máa ń mú àwọn obìnrin kan sanra. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn nípa irú mìíràn, ẹ má sì jáwọ́ nínú ti àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fún yín ní èkejì.